Ohun Ọ̀ṣọ́ Súnì Nínú Agolo Bisikíìtì

Gbólóhùn kan péré ni mo sọ: “Ẹ máa kó o lọ, Àlàájà.” Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn, mo sì mọ bí a ti í ṣàlàyé nǹkan títí yóò fi yé olódo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó yẹ kí n ṣàlàyé, gbólóhùn yẹn ló jáde lẹ́nu mi. Ibẹ̀ ni ìbínú tó bá mi wọ ọjọ́ ogbó ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ ọ bí kò ṣe rí.

Ìgbà tí ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni a dé Capitol Heights nílẹ̀ òyìnbó: èmi, ìyàwó mi Àṣàkẹ́, àti ọmọ wa kan ṣoṣo, Nímọ̀tá, ọmọ ọdún méje. Yàrá méjì la háyà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí bàbá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, mo tẹ̀ ba, mo nawọ́ kanlẹ̀ díẹ̀ bí a ti í ṣe fún àgbà. Ó wo ilẹ̀ níwájú mi, ó ní, “Kí ló jábọ́ lọ́wọ́ ẹ?” Ó bá mi wá a. Àwa méjèèjì tẹ̀ ba síbẹ̀, à ń wá ohun tí kò sọnù, nítorí ojú tì mí láti sọ fún un pé ìkíni ni. Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti yàrá kan ní abẹ́ ilé ọ́fíìsì ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀gá mi kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò lè pe orúkọ mi, ó sì fún mi ní tuntun, lẹ́tà méjì péré. Mo ní mi ò fẹ́ ẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi orúkọ náà dá mi lóhùn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ ẹ.

Àṣàkẹ́ rí iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Hillcrest Heights. Nílé, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni. Níbí, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn, ó ń gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Kò ráhùn. Èmi ni mo ń ráhùn fún àwa méjèèjì.

Ọjọ́ Sátidé kan ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. À ń bọ̀ láti ilé ọ̀rẹ́ kan ní Glenarden, a rí i tí wọ́n to ẹrù sórí koríko níwájú ilé kan: àga, abọ́, bàtà obìnrin, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ìyá tó ni wọ́n ló ti kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó sórí àga ìyá náà, ó ń ta wọ́n. Níbi tí a ti wá, ẹbí ló ń pín ẹrù òkú, ẹni tó bá gba ìró ìyá rẹ̀ mọ ìdí tó fi gbà á. Níbí, ẹni tó ń kọjá lọ ló ń dúró rà á. Mo ní ká máa lọ. Àṣàkẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó dúró ti páálí bàtà kan tó kún fún ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì. Nígbà tó ṣe, ó pè mí.

“Bàbá Nímọ̀, ẹ wá wo nǹkan.”

“Kí ni?”

“Ẹ má wo ojú ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.”

Píìnì tí obìnrin fi ń há aṣọ láyà ni. Wọ́n ṣe é ní ẹyẹ tó na ìyẹ́ méjèèjì, kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni ìyẹ́ rẹ̀, wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ló sì pààlà sáàárín òkúta kan àti èkejì. Mo fi ìka rá a. Ó tẹ́jú bíi dígí. Lẹ́yìn rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan ju ibi tí wọ́n ti ha á lọ.

“Ọwọ́ ló gé e,” ni Àṣàkẹ́ wí. “Kì í ṣe ẹ̀rọ. Òkúta yìí wọ́ díẹ̀, ṣé ẹ rí i? Ó wá gé ìkejì kó lè bá ibi tí àkọ́kọ́ ti wọ́ mu. Bàbá Àgbà ìbá pe orúkọ ẹni tó ṣe é.”

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí Bàbá Àgbà jẹ́. N'Ílọrin, bàbá tó bí ìyá Àṣàkẹ́ wà lára àwọn tó ń fi òkúta pupa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó parun. Wọ́n á fọ́ òkúta, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ fà á lórí pẹpẹ kan tó ní kòtò, láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, títí yóò fi dán. Àṣàkẹ́ kò bá bàbá náà láyé, ṣùgbọ́n ó bá pẹpẹ náà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní nígbà tí òun kéré, òun a máa ti ìka bọ inú àwọn kòtò rẹ̀, a sì máa wò ó pé ó bá ìka òun mu.

“Ẹrù àwọn Íńdíà ni,” ọkùnrin tó ń tajà ké sí wa láti orí àga.

“Íńdíà wo?” Àṣàkẹ́ bi í.

“Íńdíà náà ni ṣáá. Màámi fẹ́ràn pàǹtírí.”

Àṣàkẹ́ rà á. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó di ẹyẹ náà mú ní àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ọmọ adìyẹ. “Nípa ìyá tiẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ó lóun ò tíì ju oṣù kan lọ tí òun sin ín.” Èmi ń ronú nípa ìdáhùn ọkùnrin náà. Íńdíà náà ni ṣáá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe èmi náà ní ará Áfíríkà nínú ọ́fíìsì, bí ẹni pé òpópónà kan ni, bí ẹni pé gbogbo wa jọ ń gbé ojúlé kan náà.

Ẹni tó dáhùn ìbéèrè Àṣàkẹ́ ni Míìsì Dẹ́là, ìyá aláwọ̀ dúdú kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní Hyattsville, níbi tó ti ń ta ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́. Ó gbé ẹyẹ náà sábẹ́ gíláàsì, ó sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

“Súnì ni,” ó ní. “Ará ìlú kan báyìí ni wọ́n, nínú aṣálẹ̀ New Mexico, lára àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé; àwọn ni wọ́n ń pè ní Íńdíà. Tọ́kọ́ìsì lorúkọ òkúta yìí. Ọkọ lè máa gé òkúta, kí ìyàwó máa to ó, kí ọmọ máa dán an. Bí ilé kan ṣe ń gé e yàtọ̀ sí ti ilé kejì. Fàdákà ni wọ́n sábà máa ń lò. Tẹ́ ẹ bá rí ti wúrà, ẹnì kan ló ní kí wọ́n ṣe é fún òun ní pàtàkì. Àwọn àgbà wọn ò sì kọ orúkọ sẹ́yìn iṣẹ́. Ọwọ́ lẹ ó fi dá wọn mọ̀.”

“Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀,” Àṣàkẹ́ dá a lóhùn.

“Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ má sì fi òróró pa á. Òkúta yẹn máa ń mu nǹkan. Tó bá mu òróró, á di àwọ̀ ewé, kò sì ní padà mọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni Àṣàkẹ́ ti ń wá irú iṣẹ́ wọn kiri. Láàárín ọdún mẹ́fà, kò rà ju mẹ́tàdínlógún lọ, gbogbo rẹ̀ oníwúrà, nítorí ohun tó ń kọ̀ pọ̀ ju ohun tó ń rà. Òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, yẹtí, píìnì. Agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù ló ń kó wọn sí. Ó fi àkísà aṣọ rẹ̀ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi bébà kékeré kan sínú àkísà náà, ìlà mẹ́ta ní Yorùbá: ibi tí mo ti rí i, ọjọ́ tí mo rí i, ọwọ́ tó ṣe é. Èmi ò ka àwọn bébà náà nígbà ayé rẹ̀. Mo kàn ń rí i tó ń kọ ọ́ lórí tábìlì ni.

Ó ń pè mí. Mi ò gbọ́dọ̀ purọ́ lórí èyí. Ó ń pè mí ní gbogbo ìgbà.

“Òkúta tún dé?” ni mo máa ń wí.

“Ẹ jókòó, kí n fi hàn yín.”

“Ó rẹ̀ mí.”

“Ìṣẹ́jú márùn-ún.”

“Tó bá di Sátidé.”

Lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ àwọn Súnì. Mo ti wọlé pẹ̀lú ìbínú, nítorí ọ̀gá mi ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lójú àwọn ènìyàn nípa bí mo ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ tó di dókítà.

“Ṣé wọ́n mọ̀ ẹ́?” mo ní. “Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan wà ní Capitol Heights tó ń fi àkísà wé iṣẹ́ ọwọ́ wọn?”

“Wọn ò mọ̀ mí,” ó ní. “Àwọn tó mọ̀ yín níbí ńkọ́, ṣé wọ́n ń kí yín ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Bàbá Nímọ̀, ẹni tó ń pè yín ní orúkọ lẹ́tà méjì kò sí nílé yìí o. Ẹ má bá mi jà.”

Mi ò tọrọ àforíjì. Ìbínú tí mi ò lè bí níbi iṣẹ́ ni mò ń gbé wálé lójoojúmọ́ bí ẹni gbé oúnjẹ tó ti bà jẹ́ wá fún ẹbí rẹ̀. Àjèjì rò pé ilé ni ibi tí òun ti lè jẹ́ ara òun, ó sì gbàgbé pé àjèjì ni ẹni tó wà nílé náà, òun náà sì ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọjọ́ kan wà tí mo bá a lọ. Wọ́n pàtẹ ọjà àlòkù nínú gbọ̀ngàn kan, ọkùnrin kan tó dé fìlà onígbígbòòrò sì gbé ẹ̀gbà ọrùn ńlá kan kalẹ̀. Ó ní Súnì ni, ògbólógbòó, ó ní irú rẹ̀ kò sí mọ́ láyé. Àwọn ènìyàn ti pé lé e lórí. Àṣàkẹ́ mú un, ó fi òkúta ààrin rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó pa ojú dé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ilé wọn ṣe ń yẹ ìlẹ̀kẹ̀ wò.

“Rọ́bà ni,” ó ní, ó sì gbé e kalẹ̀.

Ọkùnrin náà wò ó tìkà-tẹ̀gbin. “Màdáámù, ṣé ẹ ní tọ́kọ́ìsì nílẹ̀ yín ni?”

“Rárá o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ la ní.”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Àṣàkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Òkúta máa ń tutù. Èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìdí ife tíì. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiyín.” Ìyá kan mú un, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì jù ú sílẹ̀. Ọkùnrin náà yára kó ọjà rẹ̀ sínú àpótí. Kó tó di pé a jáde, àwọn òǹtajà méjì ti wá bá Àṣàkẹ́ pé kó jọ̀wọ́, kó bá àwọn wo tàwọn. Nímọ̀ di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, ó ń fò sókè. Mo sọ ìtàn náà ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tún sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn pé orí mi wú. Mi ò sọ ọ́ fún un.

Oṣù mẹ́rin ni àìsàn rẹ̀ gbà. Mi ò ní kọ nípa rẹ̀.

A sin ín nígbà òtútù, nínú ilẹ̀ tó le débi pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Àwọn ará mọ́sálásí ṣe gbogbo ohun tó yẹ, Ọlọ́run á san án fún wọn. Wọ́n ní kí n gba kádàrá. Mo ní mo gbà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Míìsì Dẹ́là wá pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Ó bá mi kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè pé, “Àwọn nǹkan inú agolo ńkọ́? Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ nípa wọn.” Mo rántí ọkùnrin tó jókòó sórí àga ìyá rẹ̀. Mo ní, “A kì í ta ẹrù òkú,” mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó pẹ́ kó tó kúrò lórí àtẹ̀gùn. Mò ń wò ó láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ohun tó bá wá ni pé kí n má ṣe tà á fún ẹnikẹ́ni, pé kí n tọ́jú gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọmọ.

Fún àdúrà ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́ wá láti Ìlọrin. Àlàájà Ràbí ni, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí ohùn rẹ̀ wà lórí fóònù wa ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti ọjọ́ tí a ti dé. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń kà á rò pé ènìyàn burúkú ni. Ó sè fún wa. Ó di irun Nímọ̀. Ó fọ aṣọ àbúrò rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó ń sunkún sí i lórí bó ṣe ń ká a. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó padà, ó pín aṣọ náà: èyí fún Nímọ̀, èyí fún àwọn obìnrin mọ́sálásí, èyí fún ilé. Bó ṣe yẹ ni.

Ó wá ní, “Bàbá Nímọ̀, Àṣàkẹ́ sọ fún mi lórí fóònù pé òun ń ra góòlù. Ẹ gbé e wá ká wò ó.”

Mo gbé agolo náà wá. Ó tú àkísà lára àkọ́kọ́, ó tú ti ìkejì.

“Ẹ ẹ̀ rí i, òkúta ni wọ́n fi bo gbogbo ẹ̀! Góòlù ọ̀hún wá dà?”

“Ó wà lábẹ́ ẹ̀,” mo ní.

“Hẹn-ẹ́n.” Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. “Ọmọbìnrin mẹ́jọ ló wà nílé wa, pẹ̀lú Nímọ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan lára tó jẹ́ ti Àṣàkẹ́. Kí wọ́n má gbàgbé ẹ. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?”

Nímọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ ibí, kíákíá, kí Àlàájà má baà gbọ́: “Dádì, ẹ sọ ohun tí nǹkan wọ̀nyẹn jẹ́ fún wọn.”

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ohun tí Míìsì Dẹ́là sọ, mo mọ ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà àti pẹpẹ rẹ̀. Àlùfáà wa ti sọ fún mi pé ọkọ ní ìpín tirẹ̀ nínú ogún ìyàwó, àti pé ti ọmọ ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ọkùnrin tó bá jókòó ti ẹbí ìyàwó rẹ̀ tó ń jiyàn lórí ọ̀ṣọ́ ọrùn òkú, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ kọrin. Mò ń wo bí wọn yóò ṣe rí mi n'Ílọrin: àna tó ń fi ojú kòkòrò wo yẹtí. Ṣíṣe àlàyé lásán á dà bíi ṣíṣe ahun. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ṣe ọkùnrin.

“Ẹ máa kó o lọ, Àlàájà.”

Ó gbàdúrà fún mi gan-an. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún sínú ańkáṣíìfù kan, ó rán an mọ́ inú àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ nítorí àwọn olè pápákọ̀ òfurufú. Ó fi àkísà àti àwọn bébà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ní ọjọ́ kejì, mi ò rí àwọn bébà náà mọ́, mo sì rò pé ó ti gbá wọn dànù. Nímọ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń dáhùn bí mo bá pè é, ó parí.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àìkú, mo pe Ìlọrin. Inú Àlàájà dùn.

“Bàbá Nímọ̀! Alágbẹ̀dẹ ti bá wa parí ẹ̀ o! Yẹtí mẹ́jọ, gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀mú yọ àwọn òkúta yẹn kúrò ná. Ó ní wọn ò jẹ́ kí góòlù ọ̀hún hàn.”

“Ó yọ kí ni?”

“Òkúta yẹn. Ó yọ wọ́n, ó yọ́ góòlù ọ̀hún...”

Mi ò mọ ohùn tó jáde lẹ́nu mi. Nímọ̀ sáré wá láti yàrá. Mo ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án? Òkúta yẹn gan-an ni nǹkan ọ̀hún! Góòlù kọ́! Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ti ba gbogbo ohun tó ṣe láyé jẹ́!”

Mò ń gbọ́ èémí Àlàájà láti Ìlọrin.

“Ìwọ,” ó ní. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. “Ìwọ lò ń pariwo mọ́ mi? Èmi tí mo gbé Àṣàkẹ́ pọ̀n? O jókòó níwájú mi. Mo ṣí agolo lójú ẹ. Mo bi ẹ́ pé góòlù dà, o ní ó wà lábẹ́ ẹ̀. O ò sọ pé òkúta ni nǹkan. Olùkọ́ ni ọ́. O ò kọ́ mi.”

Òun ló tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

“Kí ni òkúta yẹn?”

Mo wá ṣàlàyé. Mo sọ ti ìlú inú aṣálẹ̀, ọkọ tó ń gé, ìyàwó tó ń to ó, ọmọ tó ń dán an. Mo sọ ohun tí Àṣàkẹ́ wí nígbà tó rí ẹ̀yìn ẹyẹ náà.

“Irú iṣẹ́ Bàbá Àgbà?” ni Àlàájà bèèrè.

“Irú rẹ̀ ni.”

Ó pariwo orúkọ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni káàdì fóònù mi tán.

Àlejò kan láti Ìlọrin gbé agolo mílíìkì kan wá fún wa nígbà tí ooru wọlé. Ó ní Àlàájà fúnra rẹ̀ ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ fún ọjọ́ méjì, tó ń fi asẹ́ sẹ́ erùpẹ̀, ní ọjọ́ orí rẹ̀. Òkúta ló wà nínú agolo náà: èyí tó pé, èyí tó là sí méjì, èyí tó ti di ẹ̀rún. Yẹtí Nímọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nímọ̀ wò ó, ó dá a padà. Mo da àwọn òkúta náà sórí tábìlì, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe àwọ̀ ojú ọ̀run mọ́. Àlàájà ti fi àdín pa wọ́n, kí wọ́n lè dán, bí a ti í ṣe sí ìlẹ̀kẹ̀ tí a bá fẹ́ tọ́jú. Wọ́n ti di àwọ̀ ewé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí mọ́ ju ẹnì kan lọ.

Nímọ̀ wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde. Àwọn bébà Àṣàkẹ́ wà láàárín ojú ewé rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún, ó ti tẹ́ wọn pẹrẹsẹ.

“Mi ò lè kà á,” ó ní. “Ẹ ò kọ́ mi.”

Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn tí wọ́n sọ ọ́ fún mi lọ́dún kan náà.

“Kí ni wọ́n kọ, Dádì?”

Mo kà á fún un. Lórí ìlà kẹta ni mo ti mọ irú ẹni tí mo fẹ́. *Ọwọ́ tó ṣe é: ọwọ́ ẹni tí kò kánjú. Ọwọ́ tó ṣe é: ẹni méjì ni, ìyá àti ọmọ, ti ọmọ wà lápá òsì. Ọwọ́ tó ṣe é: ọwọ́ ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí òkúta mọ̀.* Bí mo ṣe ń kà á, Nímọ̀ ń ṣa òkúta, ó ń wá èyí tó lè jẹ́ ti bébà náà. Ó rántí wọn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ti jókòó ti ìyá rẹ̀. Òkúta ìyẹ́ ẹyẹ àkọ́kọ́ yẹn, ó rí márùn-ún nínú rẹ̀. Kò sí èyí tó pé.

Bébà ti ẹyẹ náà ni mo kà kẹ́yìn. *Glenarden. Ọjọ́ Sátidé. Ọwọ́ tí Bàbá Àgbà ìbá mọ̀.* Mo gbé e kalẹ̀.

“Ẹ ò tíì ka ti ìsàlẹ̀,” Nímọ̀ wí. Ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè kà á.

Mo kà á. *Bàbá Nímọ̀ ní òun máa jókòó wò ó tó bá di Sátidé.*

Nímọ̀ yí ojú sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Èmi náà wò ó. Ọjọ́ Sátidé ni.

Mo mú bírò. Mo fi ìlà kan kún un lábẹ́ èyí tí ìyá rẹ̀ kọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀: *Ọwọ́ tó bà á jẹ́.* Mo sì kọ orúkọ mi, ní kíkún, bí bàbá mi ṣe sọ mí, kì í ṣe lẹ́tà méjì. Nímọ̀ ní kí n sọ ohun tí mo kọ. Mo sọ fún un.

“Ti Àlàájà ńkọ́?” ó ní.

“Rárá.”

“Ti alágbẹ̀dẹ yẹn?”

“Rárá.”

Ó sún bébà kejì sọ́dọ̀ mi, ó tẹ ìka mọ́ igun rẹ̀ kó má baà yí. Mo kọ ọ́. Ó ti ìkẹta wá. Mo kọ orúkọ mi nígbà mẹ́tàdínlógún, ọmọ mi sì bá mi di bébà náà mú títí mo fi kọ ọ́ tán.